Rìsífà àti Ipò Iwájú Lọ́jọ́ Ìṣàyàn NFL

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín jẹ́ èyí tí ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dọọdún bí oṣù kẹrin bá ti ń wọlé. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan nínú líìgì NFL bá láǹfààní láti mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan kí ẹgbẹ́ yòókù tó mú tiwọn, ṣé ó yẹ kí ó fi àǹfààní náà mú wide receiver, ìyẹn ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sáré síwájú kí ó sì fi ọwọ́ hán bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i? Rìsífà ni n ó máa pè é. N kò ní fi èsì tèmi pa mọ́ di ìparí. Ó yẹ, bí ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí i bá ti wà nínú ilé tí ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí onítọ̀hún kò bá tíì sí, ẹgbẹ́ náà ń fi ohun ìní rẹ̀ tó níye lórí jù lọ ra ohun tí kò ní rí lò. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fara balẹ̀ kó ẹ̀rí mi kalẹ̀.

Àwọn tí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀ yóò béèrè ohun tí ìṣàyàn jẹ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹgbẹ́ tó lówó ló ń ra ọmọ tó bá wù ú. Òfin NFL kò fàyè gba irú rẹ̀ lórí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní yunifásítì. Bert Bell, tó ni Philadelphia Eagles láyé ìgbà náà, ló dábàá pé kí ẹgbẹ́ tó fìdí rẹmi jù ní sáà tó kọjá kọ́kọ́ yan ẹni tó fẹ́, kí ẹni tó borí gbogbo wọn sì yan kẹ́yìn. Ọdún 1936 ni wọ́n ṣe àkọ́kọ́ irú ìṣàyàn bẹ́ẹ̀, ní ìlú Philadelphia. Lónìí, ẹgbẹ́ 32 ló ń kópa, ìpele 7 ni wọ́n sì ń yàn án sí. Ipò tí ẹgbẹ́ wà lórí ìlà yìí ṣeé tà, ó ṣeé fi ṣe pààrọ̀, ó ṣeé fi dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi pè é ní ohun ìní.

Ẹni 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó sórí pápá. Kọ́tábáàkì ni bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ tẹ̀ lọ́wọ́, òun ló sì ń pinnu ẹni tí yóò jù ú sí. Adènà márùn-ún dúró níwájú rẹ̀ kí àwọn alátakò má baà gbé e ṣánlẹ̀ kí ó tó jù ú. Rìsífà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ń sáré, ó ń yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún, ó ń wá ibi tí ẹni tó ń ṣọ́ ọ kò ti ní ká a mọ́. Ní 2024, Ja'Marr Chase ti Cincinnati Bengals ni rìsífà tó gba bọ́ọ̀lù jù ní gbogbo NFL. Ìgbà mélòó ló gbà á? Ìgbà 127 nínú ìdíje 17, ìyẹn ìgbà méje tàbí mẹ́jọ lọ́jọ́ kan. Bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìgbà 60 ni ẹgbẹ́ kan ń gbé bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ ìdíje kan. Chase tó gbà á jù nìyẹn o. Adènà ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà 60 náà, kọ́tábáàkì pẹ̀lú. Rìsífà lè ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí ó ṣe, kí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ, kí ó na ọwọ́ sókè, kí bọ́ọ̀lù má sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé wọ́n ti gbé ẹni tó fẹ́ jù ú ṣánlẹ̀.

Láti 1970 tí líìgì méjì ti para pọ̀ di NFL òde òní títí dé ìṣàyàn 2025, rìsífà méjì péré ni wọ́n mú ní ipò kìíní: Irving Fryar tí New England Patriots mú ní 1984, àti Keyshawn Johnson tí New York Jets mú ní 1996. Àwọn méjèèjì mọ bọ́ọ̀lù. Fryar gbá a fún sáà 17, Keyshawn sì bá Tampa Bay gba Super Bowl, ìyẹn ìdíje àṣekágbá NFL, ní oṣù kìíní 2003. Kò sẹ́ni tó lè pe ọ̀kankan nínú wọn ní òfò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yí wọn ká.

Ní 1985, ọdún kan péré lẹ́yìn tí Patriots fi ipò kìíní mú Fryar, wọ́n ta ipò 16 tiwọn fún San Francisco 49ers. Ọmọ yunifásítì kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi ni 49ers fi mú, Jerry Rice lorúkọ rẹ̀. Àwọn kan ti sọ pé eré ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá tó. Bọ́ọ̀lù tí ọmọ náà gbà gbé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ síwájú tó 22,895 yáàdì kí ó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tó tíì sún mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni, Rice ló ni ẹ̀bùn rẹ̀, òun ló sì ni ìtara tó fi ń ṣe ìdárayá nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sinmi. Àmọ́ nígbà tó dé San Francisco, Joe Montana ti wà níbẹ̀, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Super Bowl kejì rẹ̀ ni. Ọwọ́ tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí Rice ti ń dúró dè é kí ó tó débẹ̀.

Ọdún 1996 tún le ju ìyẹn lọ. Jets mú Keyshawn ní ipò kìíní. Ní ipò kẹrin, Baltimore mú adènà kan tó ń jẹ́ Jonathan Ogden. Ní ipò 19, Indianapolis mú Marvin Harrison, rìsífà ni òun náà. Ní ipò 26, Baltimore tún mú Ray Lewis. Ní ìpele kẹta, ní ipò 89, 49ers mú Terrell Owens, rìsífà bákan náà. Ogden, Harrison, Lewis àti Owens, gbogbo wọn ló wà nínú Gbọ̀ngàn Àwọn Ìlú-mọ̀-ọ́n-ká bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lónìí. Keyshawn kò sí níbẹ̀. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, ìdíje kan ṣoṣo ni Jets borí nínú 16. Ẹ má sọ pé ẹ̀bi ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ẹ̀bi ẹni tó rò pé rìsífà lè tún ilé tó ti wó kọ́ ni.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ilé tó wó, Detroit ni kí a yà sí. N kò mọ ẹgbẹ́ mìíràn tó san owó ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí tó Detroit Lions. Ní 2003, wọ́n fi ipò kejì mú Charles Rogers. Ní 2004, wọ́n fi ipò keje mú Roy Williams. Ní 2005, wọ́n fi ipò kẹwàá mú Mike Williams. Ọdún mẹ́ta léraléra, rìsífà mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe mú Mike Williams tán ni Dallas mú DeMarcus Ware ní ipò 11, ẹni tó wá di ọ̀kan nínú àwọn tí kọ́tábáàkì ń bẹ̀rù jù láyé rẹ̀. Ìpalára egungun èjìká ba iṣẹ́ Rogers jẹ́, kò sì pẹ́ lórí pápá. Roy Williams ṣe díẹ̀díẹ̀. Mike Williams kò ta pútú ní Detroit.

Lẹ́yìn náà, ní 2007, wọ́n tún padà sídìí iṣẹ́ kan náà, wọ́n fi ipò kejì mú Calvin Johnson. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú wọn ríran. Calvin ga, ó lágbára, ó sì ń sáré bí ẹni tí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn nípa ẹ̀bùn rẹ̀. Ní 2012, ó gba 1,964 yáàdì ní sáà kan, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà rí ṣáájú rẹ̀. Ní 2021, wọ́n gbé e wọ Gbọ̀ngàn Àwọn Ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Kí wá ni Detroit rí gbà? Ní 2008, nígbà tí Calvin wà lórí pápá, wọ́n pàdánù gbogbo ìdíje 16. Ní 2012 tó fọ́ àkọsílẹ̀ yìí gan-an, mẹ́rin ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 12. Ìdíje ìkẹyìn sáà, ìyẹn playoffs tí àwọn ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa nìkan ń wọ̀, tí Calvin gbá ní gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ kò ju méjì lọ, wọ́n sì pàdánù méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó gba 211 yáàdì nínú ọ̀kan. Lẹ́yìn sáà 2015, ó ní ó tó, ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀. Bóyá òun ni rìsífà tó dára jù tí ẹnikẹ́ni tíì fi ipò iwájú mú, kò sì borí ìdíje ìkẹyìn sáà kan ṣoṣo.

Eégún tó mọ ijó í jó kò lè dá ara rẹ̀ lu ìlù. Bí onílù bá fi ọwọ́ rẹ́ ìlù, tàbí tí ó ń lu ìlùkílù, àwọn òǹwòran yóò sọ pé eégún náà kò mọ̀ ọ́n jó. Larry Fitzgerald ni ẹ̀rí mi lórí èyí. Arizona Cardinals fi ipò kẹta mú un ní 2004. Fún sáà mẹ́rin, ó gba bọ́ọ̀lù títí, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dé ibì kankan. Ní 2008, Kurt Warner, kọ́tábáàkì àgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti parí, gba ipò náà ní kíkún. Ní àwọn ìdíje ìkẹyìn sáà náà, Fitzgerald gba 546 yáàdì àti touchdown 7 (ìyẹn gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá alátakò), Arizona sì dé Super Bowl fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Wọ́n pàdánù sí Pittsburgh ní 27 sí 23. Fitzgerald 2007 àti Fitzgerald 2008, ẹnì kan náà ni. Onílù ló yí padà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu àwọn tó ń takò mí, nítorí pé wọ́n ní ẹjọ́ tó lágbára, ìdí owó ló sì ti wá. Kí ó tó di 2011, ẹni tí wọ́n bá mú ní ipò iwájú ń gba owó gọbọi kí ó tó fi ẹsẹ̀ tẹ pápá. Sam Bradford, kọ́tábáàkì tí St. Louis Rams mú ní ipò kìíní ní 2010, gba àdéhùn ọdún 6 tí iye rẹ̀ tó 78 mílíọ̀nù dọ́là, 50 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ sì dájú pé yóò wọlé, ìbáà dùn ìbáà kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni líìgì àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fohùn ṣọ̀kan lórí gbèdéke tuntun fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Cam Newton, ẹni ipò kìíní ní 2011, gba nǹkan bí 22 mílíọ̀nù fún ọdún 4. Ìdá mẹ́ta ohun tí Bradford gbà ni kò tilẹ̀ pé. Láti ìgbà náà, ipò tí wọ́n ti mú ọmọ ló ń sọ owó rẹ̀, kì í ṣe irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Adènà tí wọ́n mú ní ipò karùn-ún àti rìsífà tí wọ́n mú ní ipò karùn-ún, owó kan náà ni.

Àmọ́ nígbà tí àdéhùn àkọ́kọ́ bá parí, ọjà ló ń sọ owó, owó rìsífà sì ti fò fẹ̀rẹ̀ lọ sókè. Justin Jefferson ti Minnesota fọwọ́ sí 140 mílíọ̀nù dọ́là fún ọdún 4 ní 2024. Ní oṣù kẹta 2025, Chase gba 161 mílíọ̀nù fún ọdún 4. Ohun tí Chase gbà fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 30 mílíọ̀nù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 30 àti 161 yẹn, inú àpò ẹgbẹ́ ló wà fún gbogbo ọdún tí ọmọ náà fi ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú owó kékeré, ẹgbẹ́ sì lè fi ra adènà, ra aṣọ́, ra ẹni tí yóò máa ya bo kọ́tábáàkì alátakò. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́. Bí a bá fi ìṣirò owó nìkan wò ó, rìsífà tó dára ní ipò iwájú jẹ́ èrè ńlá lónìí ju bó ṣe rí láyé Keyshawn lọ. Òfin eré náà sì ti ń gbe rìsífà láti 1978, nígbà tí wọ́n fòfin de kí aṣọ́ máa fọwọ́ kan rìsífà lẹ́yìn yáàdì 5 àkọ́kọ́. Bọ́ọ̀lù jíjù ti wá gba ipò lọ́wọ́ bọ́ọ̀lù gbígbé sáré.

Ibi tí ẹjọ́ wọn ti ń mẹ́hẹ ni èyí: èrè wà lórí ọjà tó bá ṣọ̀wọ́n, rìsífà kò sì ṣọ̀wọ́n. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe tò. Davante Adams, ìpele kejì. Cooper Kupp, ìpele kẹta, ipò 69 ní 2017. Ní 2021 òun ló ṣíwájú gbogbo NFL nínú iye ìgbà tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù, nínú yáàdì àti nínú touchdown, òun sì ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní Super Bowl sáà náà. Tyreek Hill, ìpele karùn-ún. Puka Nacua, ìpele karùn-ún, ipò 177 ní 2023. Kò sí ọmọ tuntun tó gba bọ́ọ̀lù tó o ní sáà àkọ́kọ́ rí ṣáájú rẹ̀. Antonio Brown, ìpele kẹfà. Julian Edelman, ìpele keje, ipò 232, kọ́tábáàkì ni ní yunifásítì kí wọ́n tó sọ ọ́ di rìsífà, òun náà sì ti gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù ní Super Bowl. Ènìyàn yóò ní Tom Brady náà wá láti ipò 199. Òótọ́ ni, àmọ́ àrà ọ̀tọ̀ ni Brady láàárín àwọn kọ́tábáàkì. Láàárín àwọn rìsífà, irú rẹ̀ ti pọ̀ kọjá ohun tí a lè máa pè ní àrà.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Láti kékeré ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ti ń ju bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì ń gbà á, ẹ̀ẹ̀rùn àti òtútù. Ẹni gíga lè ṣe é, ẹni kúkurú lè ṣe é. Ẹni tó wúwo ju 300 pọ́n-ùn lọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fúyẹ́ bíi ti oníjó, mélòó lẹ ti rí rí? Ọlọ́run kò dá wọn púpọ̀.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ojú àwọn tó ń yàn wọ́n kì í sábà ríran dáadáa lórí rìsífà, nítorí pé eré ẹsẹ̀ ń tàn wọ́n jẹ. Ní ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Indianapolis ní 2017, John Ross sáré 40 yáàdì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 4.22. Kò tíì sẹ́ni tó sá a kíákíá tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Cincinnati mú un ní ipò kẹsàn-án. Ẹni tí wọ́n mú tẹ̀ lé e, ní ipò kẹwàá, Patrick Mahomes ni. Ọdún yẹn kan náà, rìsífà méjì mìíràn ti lọ ní ipò karùn-ún àti ipò keje, Corey Davis àti Mike Williams tí Chargers mú. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó ṣe tó ohun tí Kupp ṣe. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré ẹsẹ̀ ni rìsífà. Ọgbọ́n ẹsẹ̀ ni, ọwọ́ ni, àti kí ó mọ ohun tó wà lọ́kàn kọ́tábáàkì kí ó tó ju bọ́ọ̀lù.

Ẹgbẹ́ méjì tún wà tí ọ̀rọ̀ wọn yẹ kí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní 2011, Atlanta Falcons kó ipò márùn-ún fún Cleveland, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti ìpele kìíní, kí wọ́n lè gòkè láti 27 wá sí ipò kẹfà láti mú Julio Jones. Matt Ryan ti wà nílé wọn láti 2008. Julio di ọ̀gá, Atlanta sì dé Super Bowl ní 2017. Ní 2014, Buffalo náà san ipò ìpele kìíní ọdún tó ń bọ̀ mọ́ tiwọn láti gòkè láti 9 sí 4 mú Sammy Watkins. Kọ́tábáàkì tí wọ́n ní nígbà náà ni EJ Manuel, tí kò pẹ́ tí wọ́n fi gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó kàn ní ipò karùn-ún ni Khalil Mack. Mike Evans wà ní ipò keje, Odell Beckham ní 12, Aaron Donald ní 13. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Buffalo ta Watkins. Iye tí Atlanta san pọ̀ ju ti Buffalo lọ, ṣùgbọ́n Atlanta ni mo rò pé ó ra ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Cincinnati ní 2021, nítorí pé níbẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn yìí ti pàdé lójú kan. Ní 2020, wọ́n ti mú Joe Burrow ní ipò kìíní, kọ́tábáàkì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, àwọn alátakò ya lù ú, wọ́n sì ba orúnkún rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ìṣàyàn 2021 dé, ipò karùn-ún tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, ọmọ méjì sì wà níwájú wọn: Chase, rìsífà tó bá Burrow gbá bọ́ọ̀lù ní LSU nígbà tí wọ́n gba ife yunifásítì láìpàdánù ìdíje kan, àti Penei Sewell, adènà gìrìpá láti Oregon. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pariwo pé, ẹni tí wọ́n ṣẹ́ lórúnkún, adènà ni kí ẹ wá fún un. Cincinnati mú Chase.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi ẹnu kan sọ ọ́. Chase gba 1,455 yáàdì àti touchdown 13 ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n bá Kansas City wọ̀ ọ́, ó gba 266 yáàdì. Cincinnati dé Super Bowl. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé Burrow ṣánlẹ̀ nígbà 51 ní sáà náà, wọ́n tún gbé e ṣánlẹ̀ nígbà 9 lọ́jọ́ tí wọ́n bá Tennessee pàdé, àti ìgbà 7 nínú Super Bowl fúnra rẹ̀. Los Angeles Rams borí wọn ní 23 sí 20. Ní ìgbìyànjú ìkẹyìn Cincinnati, Chase ti já ẹni tó ń ṣọ́ ọ sílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń sáré lọ ní òun nìkan. Burrow kò ráyè jù ú sí i, nítorí pé Aaron Donald ti wọlé, ó ti di í mú lára. Aaron Donald kan náà tí wọ́n mú ní ipò 13 lọ́dún tí Buffalo ń sáré lé Watkins. Èmi kò mọ àwòrán mìíràn tó fi iyì rìsífà àti ààlà rẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan náà bí èyí.

Sewell ńkọ́? Detroit ló mú un, ní ipò keje. Detroit tó ti san gbogbo owó ẹ̀kọ́ tí mo kà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan! Wọ́n fi ipò iwájú mú adènà, wọ́n dúró di ìpele kẹrin, wọ́n sì mú Amon-Ra St. Brown ní ipò 112. Rìsífà 16 ni wọ́n ti mú ṣáájú ọmọkùnrin yìí, ó sì lè dárúkọ gbogbo wọn láìwo ìwé, tórí pé ó dùn ún wọra. Ní 2023, ó gba bọ́ọ̀lù ní ìgbà 119. Ní oṣù kìíní 2024, Detroit borí ìdíje ìkẹyìn sáà fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún 32. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n borí ìdíje 15, wọ́n pàdánù méjì. Cincinnati ní sáà yẹn kan náà, Chase ṣíwájú gbogbo NFL nínú iye ìgbà, yáàdì àti touchdown, wọ́n sì borí 9, wọ́n pàdánù 8, wọn kò wọ ìdíje ìkẹyìn. Àwọn tó ń ṣọ́ ilé wọn kò lágbára tó.

Ẹ̀rí kan tún wà láti Kansas City. Ní oṣù kẹta 2022, wọ́n ta Tyreek Hill fún Miami, wọ́n gba ipò márùn-ún lọ́wọ́ wọn. Àwọn ènìyàn ní Mahomes yóò di aláìní. Kansas City gba Super Bowl sáà náà, wọ́n tún gba ti sáà tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní kọ́tábáàkì lè ta rìsífà tó dára jù kí ó sì jẹun yó. Ẹ wá bá mi wá ẹni tó ta irú kọ́tábáàkì bẹ́ẹ̀ tí ó sì ń yọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa pẹ̀lú. Nelson Agholor, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, wọlé bíi rìsífà ní ipò 20 ní 2015, ó sì bá Philadelphia gba Super Bowl ní oṣù kejì 2018. Bọ́ọ̀lù 9 ló gbà lọ́jọ́ náà. Ní 2024, rìsífà mẹ́ta lọ nínú ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́: Marvin Harrison kékeré, Malik Nabers àti Rome Odunze. Nabers gba bọ́ọ̀lù 109 fún New York Giants, wọn kò sì borí ju ìdíje mẹ́ta lọ, nítorí pé wọn kò ní kọ́tábáàkì. Ipò 11 lọ́jọ́ ìṣàyàn yẹn jẹ́ ti Olumuyiwa Fashanu, adènà tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá, ọ̀dọ̀ Jets ló lọ. Ẹ̀wẹ̀, Olamide Zaccheaus wà, rìsífà tí gbogbo ẹgbẹ́ 32 fò dá ní ìpele 7 lọ́dún 2019. Atlanta gbà á wọlé lẹ́yìn ìṣàyàn. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó gbà nínú NFL, ó gbé e sáré di touchdown 93 yáàdì. Ní 2025, Chicago Bears kó òun àti Odunze, ẹni ipò kẹsàn-án, sínú iyàrá kan náà. Inú mi dùn sí Olamide gidigidi. Ọ̀nà tó gbà wọlé ṣì ṣí sílẹ̀ fún rìsífà, ṣùgbọ́n adènà ló ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín tóbi tí wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò lè sáré, ẹ jẹ́ kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ adènà.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi lórí 2021 ni pé Cincinnati kò ṣìṣe. Burrow ti wà nílé, Chase sì ti mọ ọwọ́ rẹ̀ láti LSU. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sórí àga wọn, màá mú Chase, màá sì fi gbogbo ìpele tó kù wá adènà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ipò karùn-ún fún mi lọ́dún tí n kò ní kọ́tábáàkì, n kò ní mú rìsífà, ìbáà jẹ́ Calvin Johnson ló tún padà wá. Kọ́tábáàkì ni màá wá. Bí kò bá sí, adènà. Bí ìyẹn kò bá sí, ẹni tí yóò máa ya bo kọ́tábáàkì ẹlòmíràn. Bí gbogbo wọn kò bá sí, màá ta ipò náà. Nígbà tí oṣù kẹrin bá tún dé, tí ẹ gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rìsífà nínú ipò mẹ́wàá àkọ́kọ́, tí àwọn èrò sì ń pàtẹ́wọ́, kí ẹ tó bá wọn pàtẹ́wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tì yín pé ta ni yóò ju bọ́ọ̀lù sí i.